Kọ́bọ̀ Onihò Ọdún 1936

Ọ̀rọ̀ yìí ni a bá ẹgbẹ́ sọ ní Enugu níbí, nítorí àwọn tí ń ta owó àtijọ́ fún ènìyàn wa ní owó gọbọi.

Wọ́n á mú kọ́bọ̀ onihò ọdún 1936 jáde, wọ́n á ní: "Orúkọ Edward Kẹjọ ló wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò dé e ládé rí. Àṣìṣe ni, ọrọ̀ ńlá ni!" Ẹ má gbà. Òótọ́ ni pé ọba náà fi oyè sílẹ̀ ní December 1936 láìdé adé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rọ ọ̀nínì, ẹ̀pìnnì àti kọ́bọ̀ lórúkọ rẹ̀, ó sì pọ̀ jọjọ. Lẹ́tà H tàbí KN tí ẹ bá rí, àmì ilé tó rọ ọ́ ní Birmingham ni.

Àṣìṣe gidi ni kí ihò yẹ̀ kúrò láàárín, tàbí kí ó má sí rárá. Ẹ wo etí ihò náà: bí irin bá ti họ ọ́, ènìyàn ló lu ú lẹ́yìn. Bí kò bá níhò, ẹ wò bóyá wọ́n dí i ni. Ẹ fi í wé òmíràn ti ọdún kan náà, ẹ gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n. Ẹ má fi eérú bó o; iye rẹ̀ á dín kù.

Bí ìyá yín bá fi irú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi owó òwò ra á kí ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.