Wíwá Iṣẹ́ Ìwádìí Lẹ́yìn Oyè Ọ̀mọ̀wé



Ní àwọn yunifásítì wa ní Nàìjíríà, ipò olùkọ́ ni a sábà ń fi ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé sí, bí àyè bá wà. Ipò tí ó wà fún ìwádìí nìkan, fún ọdún kan tàbí méjì, tí a kò ní di ẹrù kíláàsì lé e lórí, kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ẹni tí ó bá ń wá a ní láti bojú wo òkè-òkun, àwọn ará ibẹ̀ a sì máa ka ọdún.

Àjọ Alexander von Humboldt ti ilẹ̀ Jámánì, tí a tún dá sílẹ̀ ní 1953, fi ọdún 4 lẹ́yìn oyè ṣe òdiwọ̀n fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀mọ̀wé. Nínú ìpè ti ọdún 2024, ètò Marie Skłodowska-Curie ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ọdún 8 sílẹ̀. Méjèèjì ni ó ń béèrè ẹni tí yóò gba olùwádìí lálejò. Nítorí náà, ènìyàn ni a ń kọ́kọ́ wá kí a tó wá owó.

Báwo ni a ṣe ń wá ènìyàn? Lẹ́tà ni. Èmi náà ti gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì sọ pé òǹkọ̀wé ṣe tán láti ṣe iṣẹ́ yòówù tí mo bá ní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀. Ká ní ẹnìkan gba ohùn àwọn oníjàálá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà, tí ó sì fẹ́ mọ bí ohùn ìsàré ṣe ń yí ohùn ọ̀rọ̀ padà. Kí ó ka iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ń fi ẹ̀rọ wọn ohùn, kí ó tọ́ka sí ibi tí ìbéèrè tirẹ̀ ti bá ti ẹni náà pàdé, kí ó sọ ohun tí ó ní lọ́wọ́ tí ẹni náà kò ní. Ojú ewé kan tó. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè.

Ọ̀rọ̀ kan kù, tiwa tí a wà nípò ni. Mo mọ obìnrin kan tí ó dáhùn ìbéèrè àwọn olùdánwò rẹ̀ tán, tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sì lò ju ọdún kan lọ kí ó tó jáde. Nígbà tí yóò fi rí i gbà, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti ṣèlérí láti gbà á lálejò ti fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹni tí ó ṣìkà sí i; fáìlì rẹ̀ kàn wà lórí tábìlì ni. Bí ìwé-ẹ̀rí kò bá tíì jáde, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ máa kọ lẹ́tà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí yóò sọ ọjọ́ tí a fọwọ́ sí oyè náà. Alága, mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí síwájú ìpàdé wa tí ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ti kọ lẹ́tà tiyín, ẹ mú un wá sí yàrá mi lọ́jọ́ Ẹtì. N óò kà á pẹ̀lú yín.