Irin Tó Le Jù Ló Ń Kọ́kọ́ Kán: Ohun Tí Rọ́bọ́ọ̀tì Oníjà Kọ́ Mi

Ọ̀rọ̀ tí Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ sọ ní gbọ̀ngàn ìlú, níbi ìpàdé ọlọ́dọọdún àwọn ọ̀dọ́

   

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀dọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé tí mo bá ń ka ìwé gbọọrọ fún yín lọ́sàn-án gangan báyìí, àwọn kan á sùn. Torí náà mo mú nǹkan dání. Ẹ wo irin ọwọ́ mi yìí. Ó ti kán sí méjì. Bó ṣe kán ni mo fẹ́ sọ, torí ọ̀rọ̀ náà kan owó ẹgbẹ́ wa.

Àwọn kan ń fi bọ́ọ̀lù gbafẹ́, àwọn kan ń fi fíìmù gbafẹ́. Rọ́bọ́ọ̀tì oníjà ni èmi fi ń gbafẹ́. Nígbà tí màmá mi kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n ní ṣé ohun tí wọ́n ní kí n lọ kọ́ ní yunifásítì nìyẹn. Mo ní rárá, mà, iṣẹ́ ẹ́ńjìníà ni mò ń kọ́, eré lásán nìyí. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Eré tó ń jẹ owó oúnjẹ." Wọn ò parọ́.

Kí ni rọ́bọ́ọ̀tì oníjà? Ẹ̀rọ kékeré tó ní táyà ni. Ẹni tó ṣe é á dúró lókèèrè, á máa fi rìmóòtù darí rẹ̀. Wọ́n á kó méjì sínú àgọ́ tí wọ́n fi ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tó sì nípọn dáadáa, yí ká, àwọn méjèèjì á sì kọlu ara wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Èyí tí kò bá lè rìn mọ́ ti pàdánù. Tí méjèèjì bá ṣì ń rìn, àwọn adájọ́ á wo èyí tó ba ìkejì jẹ́ jù, èyí tó ń wá ìjà lọ bá ìkejì, àti èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n darí jù. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ o. Irin àti owó nìkan ló ń ṣòfò.

Ọ̀dọ̀ wa kọ́ ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1994, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marc Thorpe ṣe ìdíje kan tó pè ní Robot Wars ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1998, BBC gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ní ìlú Ọba. BattleBots náà tẹ̀ lé e ní Amẹ́ríkà. Àwọn ńlá tó ń jà ní BattleBots lè wúwo tó 250 pọ́n-ùn, ìyẹn bíi kílò 113. Àpò sìmẹ́ǹtì méjì kò tó o. Ẹ má bẹ̀rù, tèmi ò tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí mò ń ṣe kò gbọ́dọ̀ ju pọ́n-ùn mẹ́ta lọ, bíi kílò 1.36. Adìyẹ ìbílẹ̀ kan wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ní Brazil, níbi tí wọ́n ṣì ń bọ Ògún títí dòní, tí wọ́n ń pè é ní Ogum, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì PUC-Rio ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ RioBotz. Rọ́bọ́ọ̀tì wọn tó ń jẹ́ Minotaur ti jà ní BattleBots. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọn, Marco Antonio Meggiolaro, kọ ìwé ńlá kan lórí bí a ṣe ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì oníjà, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ìwé yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Orí fóònù ni mo ti kà á, lóru, nígbà tí dátà bá dínwó.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń pín ìwọ̀n. Nínú 100, 30 jẹ́ ti táyà àti mọ́tò iná tó ń yí i, 30 jẹ́ ti ohun ìjà, 25 jẹ́ ti ara àti ààbò, 15 jẹ́ ti bátìrì àti wáyà. Tí a bá ṣírò rẹ̀ fún tèmi, ohun ìjà ò gbọ́dọ̀ ju bíi gíráàmù 400 lọ, ara rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ju bíi 340 lọ. Ẹ̀yin ìyá wa, ó yé yín jù mí lọ: ẹni tó bá fi gbogbo owó ọbẹ̀ ra ẹran, kí ló fẹ́ fi ra ata?

Rọ́bọ́ọ̀tì mi àkọ́kọ́ jà pẹ̀lú ti ọmọ kíláàsì mi kan. Ohun ìjà tèmi jẹ́ abẹ irin kan tó ń yí bírí níwájú. Ó gbá tẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan, mo pariwo, mo fò sókè. Kí n tó balẹ̀, tèmi ti kú. Mo rò pé wọ́n ti fọ́ ọ ni. Nígbà tí mo tú u, irin ara rẹ̀ pé pérépéré. Wáyà kan ṣoṣo ló já níbi tí mo ti jó o mọ́ mọ́tò.

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé bí abẹ yẹn ṣe ń gbá ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbá yẹn ń padà wá bá òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi ti ń ronú nípa bí mo ṣe máa lu ẹlòmíì, mi ò ronú nípa bí mo ṣe máa gba ìyà tó ń padà bọ̀. Látìgbà náà, mi ò jẹ́ kí wáyà gùn mọ ní ìwọ̀n gan-an. Mo máa ń jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀, kó lè rí àyè mì. Mo fi fóòmù sábẹ́ bátìrì àti gbogbo ohun tó ń lo iná. Mo ń fi gọ́ọ̀mù sí ẹnu bóòtù kó má baà tú. Táyà mi ga ju ara rọ́bọ́ọ̀tì lọ, tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá dojú rẹ̀ dé, á ṣì máa rìn lọ. Ara rẹ̀ ńkọ́? Pátákó oníke tí wọ́n fi ń gé ẹran ni mo gé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ike yẹn kì í fọ́ bọ̀rọ̀. Tí abẹ bá bà á, á gba ọgbẹ́, á sì dúró.

Ó wá ku abẹ. Mo fẹ́ kó yára sí i, torí tí ìyára irin tó ń yí bá di ìlọ́po méjì, agbára tó wà nínú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Mo lọ ra irin sípíríìngì mọ́tò akẹ́rù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù, mo gé e. Mo yan án níná títí ó fi pọ́n bí ẹ̀yinná, mo rì í sínú omi tútù, ó dún ṣììì! Mo fi fáìlì rá a, fáìlì kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Inú mi dùn. Mo ní irin yìí ti le dé góńgó.

A gbé e lọ dán wò nínú táǹkì omi oníkọnkéré kan tí wọ́n ò lò mọ́, a fi pákó tó nípọn bo ẹnu rẹ̀, a sì sá lọ sẹ́yìn ògiri. A gbé irin àlòkù kan síwájú rẹ̀ nínú táǹkì náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbá a, a gbọ́ "gbàù!" Nígbà tí a ṣí pákó, abẹ ti kán sí méjì. Ìdajì rẹ̀ ti họ kọnkéré. Ká ní a ò bo táǹkì yẹn ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ lónìí. Èyí tó kán náà ló wà lọ́wọ́ mi yìí.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo mú un wálé. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí. Kò ráyè parí girama. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ kan tó ń rọ àdá àti ọkọ́, tó sì ń jórin. Mo gbé irin náà fún un. Kò bi mí nípa ìwé. Ó kàn wo ojú ibi tó ti kán.

Ó ní, "Ṣé omi lo rì í sí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé o dá a padà síná?"

Mo ní kí ló dé tí mo fẹ́ dá a padà síná, nígbà tó ti le.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó le lóòótọ́. Àwo náà le. Ju àwo mọ́lẹ̀ ká wò ó."

Òun àti ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní irú irin yẹn, òróró ló yẹ ká rì í sí, torí omi máa ń mú un tutù lójijì, á sì sán nínú. Wọ́n rì í sínú ọ́ìlì, níta gbangba, pẹ̀lú ìdérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí iná bá ràn. Lẹ́yìn náà, wọ́n nu ara rẹ̀ títí ó fi ń dán, wọ́n tún yan án jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ń wo àwọ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bíi koríko gbígbẹ, ó di àwọ̀ ilẹ̀, ó di àwọ̀ àlùkò, ó wá di búlúù. Ibi búlúù yẹn ni wọ́n ti gbé e kúrò. Líle rẹ̀ dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti lè tẹ̀, ó sì lè padà. Ohun tí ìwé mi kọ ojú ewé púpọ̀ lé lórí, ojú lásán ni ọ̀rẹ́ mi fi ń wò ó.

Abẹ tí wọ́n ṣe fún mi ti ja ìjà mẹ́ta. Mo borí nínú méjì, mo pàdánù ọ̀kan torí táyà mi há. Abẹ náà ti gba ọgbẹ́, ẹnu rẹ̀ ti ṣá níbì kan, ṣùgbọ́n kò kán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ láàárín yín, ẹ má ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Bátìrì tí a ń lò, LiPo, ti ọlọ́mọ mẹ́ta bá kún, fólítì 12.6 ni. Tí irin bá gún un, ó lè gbiná. Ẹ má kí i níná kí ẹ wá lọ sùn. Ẹ fi irin dè abẹ títí ẹ ó fi gbé e sínú àgọ́, kí ẹ sì ṣe ibi kan tí ẹ lè fà yọ kí iná pa lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá kan ẹ̀yin àgbà o.

Ọdún méjì ni ẹgbẹ́ yìí ti ń fún mi ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tí a ń kún ní kí a mú lẹ́tà yunifásítì tàbí politẹ́kíníìkì wá. Ọ̀rẹ́ mi ò ní lẹ́tà. Ó ti gba fìríídọ̀mù lọ́dún tó kọjá, kò sì rí owó ra ẹ̀rọ ìjórin. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ máa wa márúwá n'Íbàdàn. Kò sí ohun tó burú nínú wíwa márúwá. Ṣùgbọ́n tó bá lọ, ta ló máa wo irin táwọn èèyàn bá gbé wá, tó máa mọ ibi tó ti ṣàìsàn? Ọ̀gá rẹ̀ ń dàgbà lọ.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi ṣe fọ́ọ̀mù náà bẹ́ẹ̀. Ẹ fẹ́ kí ìlú wa ní dókítà àti lọ́yà, a sì ti ní wọn. Mi ò ní kí ẹ fagi lé e. Nǹkan méjì ni mo ń tọrọ.

Èkíní, nínú àwọn tí a ń mú lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì jẹ́ ọmọ tó parí iṣẹ́ ọwọ́. Kì í ṣe owó la máa kó fún wọn, irinṣẹ́ la máa rà. Kí ọ̀gá wọn fọwọ́ sí ìwé dípò yunifásítì.

Èkejì, yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, tí àga fífọ́ kún inú rẹ̀, ẹ bá wa ṣí i. Àwa ọ̀dọ́ á gbá a, a ó tún àwọn àga náà jó. Tí a bá wà ní ìsinmi, kí àwa tó wà ní yunifásítì àti àwọn ọmọ iṣẹ́ máa pàdé níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Rọ́bọ́ọ̀tì nìkan kọ́ la máa ṣe. Ẹ̀rọ tó ń lọ gàrí tó bàjẹ́ lọ́jà ń dúró dè wá.

Kó má dà bíi pé ẹnu lásán ni mo fi ń ṣe é: mi ò ní kún fọ́ọ̀mù lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún kan ló kù fún mi, màá wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ fi orúkọ ọ̀rẹ́ mi sí i. Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún yín nílé, ẹ̀rù ló bà mí.

Màá fi irin kíkán yìí sílẹ̀ lórí tábìlì Ààrẹ. Tí ìgbìmọ̀ bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n máa wò ó.

Ìlú wa á dára o. Àwọn ọmọ wa ò ní tú ká.