Ìràwọ̀ Wíwò àti Iṣẹ́ Awòràwọ̀: Ọ̀tọ̀ Ni Wọ́n

 Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi ìràwọ̀ ṣe sánmà lọ́ṣọ̀ọ́.    

Bí ọ̀dọ́ kan bá gbé fóònù tàbí kámẹ́rà sí àgbàlá l'óru, tí ó ń ya àwòrán ìràwọ̀, ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì nínú ilé. Èkínní: "Ṣé o fẹ́ di awòràwọ̀ ni?" Èkejì: "Irọ́ ni àwọ̀ mèremère yìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kùn ún." Ẹ jẹ́ k'á gbé méjèèjì yẹ̀ wò.

Awòràwọ̀ tí ẹ̀sìn kọ̀ ni ẹni tí ó ń sọ pé ìràwọ̀ ni ó ń fún ni l'ọ́rọ̀ tàbí tí ó ń pa ni. Ní ọjọ́ tí Ibrahim, ọmọ Ànábì, kú, òòrùn ṣókùnkùn. Àwọn èèyàn ní nítorí ọmọ náà ni. Ànábì kọ̀ ọ́. Ó ní òòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Àmì Ọlọ́hun ni wọ́n. Ẹ wò ó: baba tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá sì bu iyì fún un, síbẹ̀ kò gbà á.

Ṣùgbọ́n nínú Súrátu Āl Imrān, Ọlọ́hun kan náà pe àwọn onílàákàyè kí wọ́n ronú sí dídá sánmà àti ilẹ̀. Mùsùlùmí ni al-Sufi tí ó kọ ìwé ìràwọ̀ rẹ̀ ní 964. Ojú lásán ni ó fi wò ó, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkùukùu kékeré kan wà lókè. Òun ni ayé ń pè ní Andromeda lónìí.

Ó kan ti àwọ̀. Ní àwọn ọdún yìí tí Ramadan ń bọ́ sí Fẹ́búárì àti Máàṣì, ẹ gbójú sókè lẹ́yìn àṣámù. Ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Ní gúúsù wọn ni ìkùukùu Orion wà. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn wọn, agbo ìràwọ̀ kékeré kan wà tí Lárúbáwá ń pè ní Thurayya, orúkọ tí a ń sọ àwọn ọmọbìnrin wa. Hausa ní adìẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí a ń rí ti rìn fún nǹkan bí 440 ọdún. Ó ti wà l'ọ́nà tipẹ́ kí Àtìbà tó sọ Àgọ́-Ọjà di Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1830.

Lójú wa, ìkùukùu náà dà bí èéfín, nítorí ojú kì í to ìmọ́lẹ̀ jọ. Kámẹ́rà ń tò ó jọ, bí ẹ̀kán òjò ṣe ń kún ìkòkò. Ní 30 Sẹ̀tẹ́ńbà 1880, Henry Draper ní Amẹ́ríkà ya Orion. Ó fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú. Pupa ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ háídrójìn ni. Búlúù ara Thurayya, eruku tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń tàn lé ni. Ọlọ́hun ni ó fi síbẹ̀.

Lóòótọ́, nínú àwòrán òpó ìkùukùu tí Hubble yà ní 1995, àwọn onímọ̀ ni ó yan àwọ̀: pupa fún imí-ọjọ́, àwọ̀ ewé fún háídrójìn, búlúù fún ọ́síjìn, k'á lè dá wọn mọ̀. Wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ayé. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Irọ́ ni kí èèyàn fi àwòrán oṣù èṣí ránṣẹ́ l'órí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ 29, kí ó ní òṣùpá ti lé, kí àwọn ẹlòmíràn sì tú ààwẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni ẹni tí ó ń ya àwòrán. Ọlọ́hun á bi í.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má lé ọmọ náà. Ẹ bi í pé: kí l'o rí? Kí l'o fi kún un? Ẹ̀kọ́ físíìsì rẹ̀ nìyẹn. LAUTECH sì ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990 fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ pa gílóòbù àgbàlá, ẹ gbé fóònù lé orí àpótí kí ó má mì, ẹ má sì dá nìkan jìn sí ìgbẹ́. Òru mẹ́wàá ìkẹyìn dára, nítorí òṣùpá kì í tètè yọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí irun ṣáájú kámẹ́rà.

Ọlọ́hun má jẹ́ k'á fi ojú wo iṣẹ́ Rẹ̀ láìfi ọkàn wò ó. Àmín.