Ta Ló Fẹ́ Yáwó Láìsí Onígbọ̀wọ́?
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́)

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ le díẹ̀: bí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ bá fẹ́ fagi lé òfin tó ń dáàbò bo ohun àjogúnbá, kí ló kan ẹni tó ń ta gàrí?

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹgbẹ́ wa ṣàlàyé. Òfin wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ yáwó gbọ́dọ̀ mú onígbọ̀wọ́ wá. Ó máa ń ni wá lára, àgàgà nígbà tí owó iléèwé bá dé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dìde nípàdé, tó ní kí á yọ òfin yẹn kúrò pátápátá, ṣebí ohun tẹ́ ẹ ó kọ́kọ́ bi ara yín ni pé ta ló fẹ́ yáwó láìsí onígbọ̀wọ́? Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi ẹni tó bá ní òfin ohun àjogúnbá ti di ti àtijọ́. Ta ló ti ń wo ilẹ̀ ibẹ̀?

Ẹ wo Òṣogbo tó wà nítòsí wa yìí. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, igbó Ọ̀ṣun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń gé igi, ojúbọ ń wó. Susanne Wenger tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, òun àtàwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí, ni wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Ní 1965 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin mú apá kan igbó náà, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1992, UNESCO sì gbà á wọlé ní 2005. Hẹ́kítà 75 ni, láàárín ìlú ńlá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó ọjà lọ síbẹ̀ lóṣù August, ẹ mọ ohun tí ẹ ń pa ju èmi lọ. Ká ní kò sí òfin ni, ta ló máa dá ẹni tó ń pín púlọ́ọ̀tì dúró?

Òfin nìkan ò tó o. Láti bíi 2018 ni omi Ọ̀ṣun ti di pípọ́n nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, débi pé ní 2022 ìjọba kìlọ̀ fáwọn tó wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu ún. Igi wà lábẹ́ òfin, omi ń bàjẹ́.

Àwọn kan á tún sọ pé, "Ìlójò Bar ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ilé àwọn Àgùdà ni, ní Tinúbú l'Ékòó, wọ́n sì ti kéde rẹ̀ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Lọ́jọ́ Sunday kan ní September 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ilé ẹbí ni. Ẹni tó nilé, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ wó o, tí ẹnikẹ́ni ò sì fún un ní kọ́bọ̀ láti fi tún un ṣe, inú rẹ̀ ò lè dùn. Èmi ò dá wọn lẹ́bi tán. Ṣùgbọ́n àtúnṣe nirú òfin bẹ́ẹ̀ ń fẹ́: kí wọ́n fowó sí i fún onílé. Tí onígbọ̀wọ́ bá ń ni wá lára, ṣé a ò lè dín in kù láìfagi lé e?

Èyí tó kàn wá gan-an nìyí. Ìwé òfin 1999 sọ pé ohun ìrántí tí kò bá sí lórí ìwé ìjọba àpapọ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lé e lórí. Èyí tí wọ́n bá sì fọwọ́ ṣe, wọ́n lè fọwọ́ tú u. Ìlú Òrìṣà Olúfọ́n ni wá. Ní Bràsílì, Oxalufã ni wọ́n ń pè é, àwọn tí kò tíì dé ibí rí mọ orúkọ Ìfọ́n. Àwọn ará Ìlobùú náà ní Erinlẹ̀ tiwọn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń kírun, ọ̀pọ̀ ló ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà ń lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ bọ nǹkan kan. Ilẹ̀ àti orúkọ ìlú ni mò ń sọ.

Àbá òfin kì í di òfin lọ́jọ́ kan. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbìmọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì lè pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn kí gómìnà tó buwọ́ lù ú. Àwọn lọ́yà àti àwọn onílé ńlá ló máa ń kún ibẹ̀, torí ọjọ́ ọjà ni. Bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá dé, kí ẹgbẹ́ yan èèyàn mẹ́ta, kí á san owó ọkọ̀ wọn láti inú àpò ẹgbẹ́, kí ẹni tó bá ṣẹ́ kù sì bá wọn jókòó ti igbá wọn títí wọ́n á fi dé. Mo rọ akọ̀wé kó kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé lónìí.