Má Jẹ Ojú Owó Rẹ ní Òwúrọ̀: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Yóò Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ sí Kánò



Ẹ ti gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ kí àwọn ará wa ní Kánò nígbà ọyẹ́ tó ń bọ̀. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n kò yẹ kí àwa tí a ti dán an wò rí dákẹ́. Àwa mẹ́sàn-án ni a jáde nílé. Àwa mẹ́rin péré ni a fi kẹ̀kẹ́ dé. Mọ́tò akẹ́rù ló gbé àwọn márùn-ún yòókù, ọ̀kan nínú wọn sì ń bì, kò lè dá dìde. Kì í ṣe pé wọn kò lágbára. Àwọn gan-an ló ṣáájú wa ní òwúrọ̀.

Gbogbo àwa oníṣòwò mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ ojú owó kò ní rí ọjà tà lọ́la. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni agbára ara rí. Oúnjẹ tí ara fi pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ kò pọ̀. Bí a bá ń sáré kíkankíkan, nǹkan bíi wákàtí méjì lè gbé e tán. Bí a bá rọra ń lọ, ọ̀rá ara ni a ó máa ná jù, èyí sì máa ń pẹ́ kó tó tán. Báwo ni a ó ṣe mọ̀? Ẹ máa bá ara yín sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí, eré rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Láti Zaria dé Kánò tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Bí a bá ń rin 18 kìlómítà ní wákàtí kan, a ó lo nǹkan bíi wákàtí 9 lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ fi wákàtí kan àbọ̀ kún un fún ìsinmi. Bí a bá jáde ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, a ó dé ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àríwá ìlà-oòrùn ni Kánò wà sí wa, ibẹ̀ náà sì ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ojú ni yóò máa kọlù yín. Bí ó bá le, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ falẹ̀, ẹ má fi ipá bá a jà. Ẹ tò tẹ̀lé ara yín, kí ẹ sì máa gba iwájú fún ara yín. Àkókò tó kù kí ilẹ̀ tó ṣú ni ẹ ó ná fún afẹ́fẹ́. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù tí ẹ kò tíì dé ìdajì ọ̀nà, ẹ wọ mọ́tò. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọyẹ́ a máa gbẹ òógùn kí a tó rí i, nítorí náà ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ dàbínù tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kí ebi tó dé. Ẹ sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ bóyá ọ̀nà dára.

Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1891, ni wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti Paris lọ sí Brest, kí wọ́n sì padà, nǹkan bí 1,200 kìlómítà. Charles Terront ló gbégbá orókè lọ́dún náà, ó lo wákàtí 71 àti ìṣẹ́jú 22. Lónìí, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe é, wọn kì í sì í fún ẹni tó kọ́kọ́ dé ní ẹ̀bùn owó. Ẹni tó bá parí láàárín wákàtí 90 tí wọ́n fún un, tí ó sì dé gbogbo ibùdó lọ́nà kí wọ́n tó tì í, ó ti ṣe é nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Ìrìn ẹni tó lọ́ra jù ni kí ẹ máa rìn. Ẹgbẹ́ kò ní béèrè ẹni tó ṣáájú. Orí ni a ó kà. Iye tó bá jáde ní Zaria ni kí ó wọ Kánò.