Ẹ Ka Ara Rédíò Kí Ẹ Tó Rà Á



Bí ẹnì kan bá gbé àlòkù asọ̀rọ̀mágbèsì fún yín rà lọ́jà Igolo, ẹ má tíì mú owó jáde. Ẹ kọ́kọ́ kà á.

Ẹ wo ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń rìn. PO ni ìgbì àárín, GO ni ìgbì gígùn. OC ni ìgbì kúkúrú tí ń gbọ́ ọ̀nà jíjìn. Bí FM kò bá sí níbẹ̀, rédíò náà kò lè gbọ́ ilé iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ lórí FM, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó.

Ẹ wo lẹ́tà kéékèèké. Bí ẹ bá rí kc tàbí Mc, ó sábà jẹ́ ti àtijọ́, nítorí lẹ́yìn 1960 ni kHz àti MHz gba ipò wọn káàkiri ayé. Bí ẹ bá rí «West Germany», wọ́n ti ṣe é kí Jámánì tó di ọ̀kan ní 1990.

Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí òkúta bá ti jò síbẹ̀, tí irin ti dógùn-ún, ẹ ṣọ́ra.

Ní ìparí, ẹ fi òkúta tuntun sí i. Lórí PO, ẹ yí àpótí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ohùn yóò là. Lórí OC àti FM, ẹ fa ọ̀pá rẹ̀ sókè.

Ọjọ́ orí nìkan kò ba rédíò jẹ́. Èyí tí kò lè gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ó dàbọ̀ o.