Ọwọ́ Òsì àti Gìtá

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbà tó ń kọ́ ìwé kíkà sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ìsọlọ̀)

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Òṣòdì dé ni, kò tíì fi ẹnu kan oúnjẹ. Mi ò ní í pẹ́.

Ọ̀rọ̀ gìtá ni wọ́n ní kí n bá yín sọ. Ṣùgbọ́n ìyá kan láàárín yín ti bi mí ní ìbéèrè kan, òun ni mo sì fẹ́ dáhùn lónìí. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, fẹ́ kọ́ gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọwọ́ òsì ni ọmọ náà ń lò. Nígbà tó gbé gìtá, òdìkejì ló kọ ọrùn rẹ̀ sí. Ẹni tó ń kọ́ wọn gba gìtá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun kì í kọ́ ọlọ́wọ́ òsì. Láti ọjọ́ náà ọmọ kò lọ mọ́. Ìyá wá ń bi mí pé: ṣé kí òun fi ipá mú un lo ọwọ́ ọ̀tún ni, àbí kí òun wá gìtá mìíràn fún un, àbí kí òun kúkú ní kó lọ máa lu ìlù?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì fúnra rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í sì fi jẹun. Òwe wa ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fẹ́ dárúkọ rẹ̀, ọwọ́ àlàáfíà ni wọ́n ń pè é. Èmi kò bá ìyẹn jà, ẹ̀kọ́ ilé ni. Ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì lè fi ọwọ́ ọ̀tún gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, kó sì fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Ọ̀tọ̀ ni ìkíni, ọ̀tọ̀ ni bí Ọlọ́run ṣe dá ara ẹni. Bí a bá kó ènìyàn 10 jọ níbikíbi láyé, ó sábà máa ń ku díẹ̀ kó tó ẹnì kan, tàbí kó tó ẹnì kan, tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Níbi tí wọ́n bá ti ń nà wọ́n, ẹ kò ní í rí wọn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ti fi ọwọ́ pamọ́.

Ó dára. Gìtá ńkọ́? Okùn 6 ló ní, èyí tó nípọn jù wà lókè, èyí tó tín-ín-rín jù wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún máa ń fi ọwọ́ òsì di ọrùn gìtá mú, á máa fi ìka tẹ okùn, á sì fi ọwọ́ ọ̀tún ta á. Ẹ wò ó dáadáa o. Ọwọ́ òsì gan-an ló ń wá ohùn orin kiri lórí ọrùn gìtá! Bẹ́ẹ̀ náà ni onígángan. Ọwọ́ ọ̀tún ló mú ọ̀pá ìlù, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló ń fún ọsán tí ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ òsì bá sinmi, ariwo lásán ló kù. Nítorí náà ẹni tó bá ní ọwọ́ òsì kò wúlò nídìí gìtá, kò tíì wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń ta okùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òun ló ń pa àsìkò orin mọ́, òun ni ijó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ tó yá jù.

Ọlọ́wọ́ òsì kan wà tí gbogbo ayé mọ̀, Paul McCartney, ọmọ ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú àwọn Beatles. Èkó wa níbí ló wá ní ọdún 1973, òun àti ìyàwó rẹ̀ Linda àti Denny Laine, láti ṣe àwo orin ní ilé iṣẹ́ EMI ní Àpápá. Ìkẹjà ni wọ́n wọ̀ sí, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa. Ojú wọn rí nǹkan. Àwọn olè fi ọ̀bẹ dá wọn dúró lóru, wọ́n sì gba téèpù orin wọn lọ. Fẹlá tún fi ẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin adúláwọ̀ kó. McCartney ní kó gbọ́ ohun tí àwọn ṣe, nígbà tí Fẹlá gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tán. Oṣù kejìlá ọdún kan náà ni àwo náà, Band on the Run, jáde.

Báwo ni òun náà ṣe bẹ̀rẹ̀? Nígbà tó wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ fún un ní fèrè tọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé e lọ pààrọ̀ fún gìtá. Ó délé, kò rí i ta. Ó rò pé òun kò mọ̀ ọ́n ni. Ọjọ́ kan ló rí àwòrán olórin Amẹ́ríkà kan, Slim Whitman, tó kọ ọrùn gìtá sí òdìkejì. Ṣé ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀? Ó tú okùn gìtá rẹ̀, ó sì tò wọ́n ní òdìkejì. Wàhálà wá dé. Egungun kékeré kan wà ní ìparí ọrùn gìtá, tí a la ojú sí fún okùn kọ̀ọ̀kan. Okùn tó nípọn kò wọ ojú tóóró, okùn tín-ín-rín sì ń gbọ̀n nínú ojú tó fẹ̀. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó fá igi ìṣáná, ó fi dí ojú tó fẹ̀. Ìṣáná o! Nígbà tó di ọdún 1961, ó ra gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ kan ní Hamburg ní Jámánì, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì rí bákan náà bíi ti gòjé òyìnbó, kó má bàa dà bí ohun tí a dorí rẹ̀ kodò.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Slim Whitman yẹn kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì rárá. Ìjàǹbá ló gé ìka rẹ̀ kan ní ọwọ́ òsì níbi iṣẹ́ ẹran, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló wá kù tí ó lè fi tẹ okùn.

Jimi Hendrix náà, tó kú ní ọdún 1970, gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló ń dà kodò, á tún okùn rẹ̀ tò. Ti Elizabeth Cotten yàtọ̀. Obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń ṣe nílé onílé. Kò tú okùn kankan. Bó ṣe bá gìtá ló ṣe dà á kodò, àtàǹpàkò rẹ̀ ń kọ orin, àwọn ìka yòókù ń ta okùn tó nípọn. Ó ti lé ní ẹni 60 ọdún kí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní ọdún 1958. Mark Knopfler ní tirẹ̀, ọlọ́wọ́ òsì ni, ṣùgbọ́n bíi ti gbogbo ayé ló ṣe ń ta gìtá, ó sì mọ̀ ọ́n ta dé góńgó.

Ìyá, ẹ ò rí i pé ọ̀nà pọ̀. Èyí tí mo máa ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Mo máa ń fún un ní ìgbálẹ̀ pé kó fi ṣe gìtá, kí n sì kọrin sí i. Ọwọ́ tó bá fi ń gbá ìgbálẹ̀ láì ronú, mo ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo máa gbé gìtá fún un ní apá méjèèjì.

Bí ara rẹ̀ bá gba ti ọwọ́ ọ̀tún, kó gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì. Mi ò sọ ọ́ nítorí ìtìjú ọwọ́ òsì o. Owó ni mo ń wò. Gìtá tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì kò wọ́pọ̀ ní Èkó. Gìtá ṣọ́ọ̀ṣì, gìtá ọ̀rẹ́, gìtá tí ẹ bá níbi ìnáwó, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn. Ẹni tó lè ta á bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣe aláìní gìtá níbikíbi. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá kọ̀, tí orin ń já lójú ọ̀nà, tí inú ọmọ kò dùn, ẹ má nà án. Ẹ yí gìtá padà. Ẹni tó sì ti fi apá kan ta á fún ọdún mélòó kan, kó jókòó síbẹ̀, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí òun padà.

Ní ti ẹni tó ní òun kì í kọ́ ọlọ́wọ́ òsì, ó jọ mí lójú. Bí olùkọ́ àti ọlọ́wọ́ òsì bá jókòó kojú ara wọn, bí ẹni ń wo dígí ni. Ọmọ náà máa ń rí i kedere ju àwọn yòókù lọ.

Ní ti ìlù, kó lù ú bó bá fẹ́ràn rẹ̀. Kó má lù ú nítorí pé wọ́n gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀.

Yíyí gìtá padà kò le. Okùn tuntun ni ẹ ó rà, kí atúnṣe sì fi egungun màlúù gbẹ́ egungun ọrùn mìíràn. Kó tún wo egungun kejì tó wà nísàlẹ̀ lára àpótí. Ó máa ń dagun díẹ̀, bí wọn kò bá sì tún un gbé, ohùn gìtá á máa yà bí ìka bá ti ń sún mọ́ àpótí. Ẹni tó bá ní gìtá nílé, kó gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀. Mo ní ayùn kékeré. Ẹ má tíì tú okùn rẹ̀ o, kí á kọ́kọ́ wo bí ojú egungun rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.